Orúkọ Ẹyẹ Lẹ́nu Ọmọ

Bí ènìyàn bá wí ní ìlú wa pé iṣẹ́ òun ni láti máa wo ẹyẹ, láti máa yẹ ewé wò, láti máa tẹ́tí sí ọ̀pọ̀lọ́ lóru, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn yóò béèrè iye tí wọ́n ń san fún un lóṣù. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó ní ọmọ láti bọ́ kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Síbẹ̀, ìbéèrè mìíràn wà tí a kì í sábà bi ara wa: ta ni yóò fi igbó han ọmọ wa, nígbà tí bàbá àgbà tí ó mọ igbó náà bá ti lọ, tí ìwé tí ọmọ ń kà ní kíláàsì kò sì mẹ́nu kan igbó ilé rẹ̀?

Nítorí ìbéèrè kejì yìí ni àwa olùkọ́ mẹ́ta ṣe gbéra ní ìsinmi ńlá kan. Ọ̀kan nínú wa ti Kétu wá, ọ̀kan ti Sábẹ, ọ̀kan ti Pọ́bẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lé ní ogójì ọdún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí SVT. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, òun náà ni a sì fi ń kọ́ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a fi pátákó ìkọ̀wé sílẹ̀, a di akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ní ibùdó kan ní àfonífojì ìsàlẹ̀ odò Ouémé, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń wá sùn fún òru márùn-ún, kí wọ́n lè kọ́ nípa omi, igi, ẹyẹ àti ẹja ní ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbé gan-an.

Iṣẹ́ tí a lọ kọ́ ni Faransé ń pè ní naturaliste. Kí orúkọ náà má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọdẹ tí ó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín, ìyá eléwé tí kì í ṣi ewé já, apẹja tí ó wo àwọ̀ omi tí ó sì mọ̀ pé ìkún omi ń bọ̀, gbogbo wọn ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó bí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí naturaliste fi kún un ni pé ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ibùdó náà wà kì í ṣe ibi lásán. Ní ọdún 1971, ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran, a ṣe àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè láti dáàbò bo àwọn ilẹ̀ olómi tí ó ṣe pàtàkì láyé. Ní ọdún 2000, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi àfonífojì ìsàlẹ̀ Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sínú ìwé àdéhùn náà. Nọ́ńbà wọn níbẹ̀ ni 1018. Ìdí rẹ̀ kò ju ohun tí àwọn ará àfonífojì ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, odò yóò kún bo oko, ẹja yóò sì bá omi wọ inú pápá. Bí omi bá ń fà, ẹja yóò há sínú àwọn kòtò gígùn tí a ti gbẹ́ sílẹ̀ dè é, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní whédo. Wọn yóò kó ẹja, lẹ́yìn náà wọn yóò gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sórí ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tí omi fi sílẹ̀. Omi kan náà ni ó fún wọn ní ẹja, òun ni ó fún wọn ní oko. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ tí ń jẹ ẹja yìí lójoojúmọ́ ni kò tíì rí ibi tí ó ti ń wá.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni a ń jí, nítorí pé ẹyẹ kì í dúró de olóorun. Ọmọ méjìlá ni a fi lé olúkúlùkù wa lọ́wọ́. Ní àárọ̀, a ń rìn létí àbàtà. Nígbà tí oòrùn bá ga, a ń fi àwọ̀n kékeré wọ́ inú omi, a sì ń da ohun tí a bá rí sínú abọ́ funfun: ìgbín omi, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀, àti ọmọ lámilámi. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé lámilámi tí wọ́n ń lé kiri lẹ́yìn òjò ti kọ́kọ́ gbé inú omi láìní ìyẹ́, ó ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn níbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó ń wọn oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù sínú àwo, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ògiri, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ààtàn. Ààtàn yìí ni ìwé ń pè ní compost. Kò sí ọmọ kan tí kò mọ̀ pé lórí ààtàn ìyá àgbà ni tòmátì ti ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ohun tí kò tíì yé wọn ni ìdí rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni ó ń kọ́ wa níṣẹ́. Táńtì ni àwọn ọmọ ń pè é. Àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sọ òfin kan fún wa. Ó ní: “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, bí ọmọ bá bi yín pé kí nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dá a lóhùn. Ẹ bi í ní ohun tí ó rí.” Fún olùkọ́ tí ó ti lo ogún ọdún nídìí kíkọ ìdáhùn sójú pátákó, òfin náà kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a dá lóhùn kíákíá yóò yí ojú sí nǹkan mìíràn, nígbà tí ẹni tí a bi ní àwọ̀, ní ẹsẹ̀, ní ibi tí ẹ̀dá náà dúró sí, yóò tún tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ èdè wọlé. Ìwé pélébé kan wà tí àwọn ọmọ ń gbé rìn, àwòrán ẹyẹ wà lórí rẹ̀ àti orúkọ wọn ní Faransé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹyẹ funfun ń tẹ̀ lé màlúù nínú pápá. Ọmọkùnrin kan ka orúkọ wọn láti inú ìwé: héron garde-bœufs. Ó kà á dáadáa. Àwọn tó kù mi orí, ọ̀rọ̀ sì parí. Lójijì ni àwọn ẹyẹ náà fò lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọmọbìnrin kan láti Àjàṣẹ́ bá kígbe: “Lékeléke!” Ó na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí ilé Yorùbá na ìka tiwọn náà, wọ́n ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ ẹyẹ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe nígbà èwe. Ọmọ kan tí ń sọ Gùn béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ṣàlàyé fún un, Yorùbá díẹ̀, Faransé díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè ti tú jáde: kí ló dé tí ó funfun? Kí ló dé tí ó fẹ́ràn màlúù? Wọ́n jókòó wò ó títí wọ́n fi rí i fúnra wọn pé, bí màlúù bá gbé ẹsẹ̀, ẹlẹ́ǹgà a fò jáde nínú koríko, lékeléke a sì gbé e mì.

Orúkọ Faransé náà kì í ṣe irọ́. Ó tilẹ̀ sọ ibi tí a ti ń rí ẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ni ó mú ọwọ́ ọmọ jáde kúrò nínú àpò.

Ẹni tí ó bá tó wa lọ́jọ́ orí yóò mọ ìdí tí èyí fi wọ̀ wá lọ́kàn. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ bá sọ èdè ilé ní àgbàlá, wọ́n á fi ohun kan kọ́ ọ lọ́rùn, signal ni a ń pè é, kò sì ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi ká ẹlòmíràn mọ́ ibi tí òun náà ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Faransé tí a kọ́ ni ó ń bọ́ wa lónìí, òun ni ó sì jẹ́ kí ọmọ Kétu lè bá ọmọ Natitingou sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kò gbọdọ̀ pè ní àgbàlá ilé-ìwé, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kúrò lẹ́nu. Bí ó bá sì ti kúrò lẹ́nu, ojú pàápàá kì í tètè rí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ewé á di ewé, gbogbo ẹyẹ á di ẹyẹ.

A bẹ Táńtì pé kí a fi àyè sílẹ̀ lórí ìwé náà fún orúkọ Yorùbá, ti Gùn àti ti Fọ̀n. Ó gbà, ó sì fi àdéhùn kan sí i: a kò gbọdọ̀ da orúkọ kọ láti inú ìwé; a ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn, kí a sì kọ ìlú ẹni tí ó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwa mẹ́ta tí a rò pé èdè kan ni a ń sọ ni a wá rí i pé ilẹ̀ wa kò fi nǹkan kan náà hàn wá. Ará Sábẹ nínú wa dàgbà sábẹ́ igi òrí; ará Pọ́bẹ̀ mọ òrí lọ́jà, wọ́n fi pa á lára nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n kò rí igi rẹ̀ rí, nítorí pé kì í hù ní agbègbè rẹ̀. Ohun tí ó mú inú àwọn ọmọ dùn jù lọ ni ìrókò. Wọ́n wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè Faransé láti mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá iroko, ọ̀rọ̀ tí Faransé yá lọ́wọ́ wa. Ọmọ kan ní: “Mèsíyé, nígbà náà, àwa náà ti kọ́ wọn ní nǹkan.”

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rìn ní ọ̀nà yìí. Pierre Verger, tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1902, ni wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbọ́ orúkọ ewé àti ìlò wọn lẹ́nu àwọn babaláwo, tí ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n. Ìwé rẹ̀, Ewé, jáde ní Brasil ní ọdún 1995, ọdún kan kí ó tó kú. Bí àlejò láti Paris bá lè fi sùúrù jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń dí ọmọ tí àgbà náà bí lọ́wọ́?

Òru ni ẹ̀kọ́ tí ó le jù. Bàbá kan tí ó ti fi ìbọn ìṣọdẹ sílẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ibùdó náà. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ni ó ń ṣáájú nígbà tí a bá ń kó àwọn ọmọ rìn nínú òkùnkùn. Ní òru kan, òwìwí dún lórí igi. Àwọn ọmọ di ara wọn mú. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wí pé: “Àjẹ́ ni, Mèsíyé. Ní ilé wa, bí ó bá dún, wọ́n á sọ ọ́ lókò títí yóò fi kú.” A wo ojú Bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ní: “Ọmọ mi, èmi náà gbọ́ ohun tí o gbọ́ nílé. N kò ní sọ fún ọ pé irọ́ ni bàbá rẹ pa. Tan iná sí ìdí igi yẹn, kí o sọ ohun tí o rí fún mi.”

Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni àwọn ìṣù kékeré, gbígbẹ, tí irun wé mọ́ egungun nínú wọn. Òwìwí a máa pọ ohun tí kò dà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá fi igi tú ọ̀kan, ó ní kí ọmọ náà ka orí tí ó bá rí. Orí eku mẹ́ta ni. “Ta ni ó ń jẹ àgbàdo bàbá rẹ nínú àká?” “Eku ni, Bàbá.” “Ó dára. Bí o bá délé, kí bàbá rẹ fún mi, kí o sì sọ iye tí o kà fún un.” Ọmọ náà di egungun náà sínú bébà, ó gbé e lọ sílé. Bàbá kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ó fi ohun tí ojú rí lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí etí gbọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún bàbá àti ọmọ láti parí.

Ní òru kan náà, ó fi àdán hàn wá níbi tí wọ́n ti ń jẹ èso. Àdán ńlá tí irun rẹ̀ jọ koríko gbígbẹ a máa jẹ èso ìrókò, a sì máa gbé kóró rẹ̀ jìnnà réré kí ó tó jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Igi tí a ń júbà fún, ẹran tí àwọn kan ń sè lọ́bẹ̀ wà lára àwọn tí ń gbìn ín.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni a rí ìdáhùn sí. Ní ọjọ́ kẹrin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ a máa ya odò Ouémé sórí iyanrìn, láti òkè àríwá dé ọ̀sà, nǹkan bí 500 kìlómítà. Wọ́n á fi ewé ṣe igbó, wọ́n á da omi sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó ewé kúrò, wọ́n á tún da omi sí i, iyanrìn á sì ya lulẹ̀ dí ọ̀sà. Ọmọbìnrin kan béèrè lọ́wọ́ ará Sábẹ inú wa pé: “Mèsíyé, ta ni ó ń gé igi náà lókè ibẹ̀?” Ó dá a lóhùn pé: “Àbúrò mi ọkùnrin wà lára wọn. Èédú ni ó ń sun, owó rẹ̀ ni ó fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.” Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní: “Èédú yẹn ni ìyá mi fi ń dín àkàrà.”

Láti Sábẹ dé Àjàṣẹ́, odò kan náà ni, èédú kan náà ni, ẹbí kan náà sì ni. Àwọn ọmọ dábàá ààrò amọ̀ tí kì í jẹ èédú púpọ̀. Wọ́n dábàá kí a máa gbin akasíà fún ìdáná, kí a fi igi inú igbó sílẹ̀. Àbá rere ni wọ́n. Nígbà tí ẹnì kejì wa padà sílé, ó sọ wọ́n fún àbúrò rẹ̀. Èsì tí ó gbọ́ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní iṣẹ́ mìíràn, n ó fi àáké sílẹ̀ lónìí.” Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní igbó tí kò sì gbọ́ irú èsì yìí, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ni.

Ọ̀rọ̀ igún àti odídẹrẹ́ tún wà níbẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igún kì í wọ́n nídìí ibi tí a ti ń pa màlúù. Lónìí, nínú àwọn ọmọ tí a kó rìn, àwòrán nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé UICN fi igún ilẹ̀ wa sí ìpele ewu tí ó ga jù lọ, èyí tí ó kángun sí ìparun. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n gé igi tí wọ́n ń yé sí, wọ́n kó odídẹrẹ́ tà fún àwọn tí ń sìn ín nínú àgò, wọ́n fi májèlé sínú òkú ẹran tí igún ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ti ń ta orí igún fún oògùn, àárín wa ni ó wà. Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá ohun tí a ń wí ni pé kí àwọn bàbá rẹ̀ pa àṣà wọn tì. A kò ní àṣẹ láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé odídẹrẹ́ a máa pa ìyẹ́ dà, ìkóódẹ a sì máa bọ́ fúnra rẹ̀. Pé àṣà tí ó bá lo ẹ̀dá kan tán ti gba ohun ìṣẹ̀ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀. Àti pé òwe tí a ń fi igún pa yóò di ọ̀rọ̀ òfìfo lẹ́nu ọmọ tí kò rí igún rí. Àwọn àgbà nìkan ni ó lè jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Kí àwọn ọ̀dọ́ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n má sì dákẹ́ bíbéèrè.

Láti ìgbà tí a ti padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti bẹ̀rẹ̀ ohun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìná owó púpọ̀. Èkíní, ìwé orúkọ: akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú orúkọ ẹ̀dá mẹ́wàá wá láti ẹnu àgbà ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìlú àgbà náà, kí a tó wá orúkọ Faransé rẹ̀. Èkejì, igi ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Láti ọdún 1985 ni a ti ń ṣe ọjọ́ igi ní orílẹ̀-èdè wa. Ariwo máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì dé, igi a gbẹ. Nísinsìnyí, kò sí igi tí a ń gbìn láì kọ orúkọ ọmọ tí yóò máa bomi rin ín. Ẹ̀kẹta, igbó òrìṣà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìjọba gbé àṣẹ kan jáde lórí àbójútó àwọn igbó ìṣẹ̀ṣe tí a ń bọ̀wọ̀ fún. A ń rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn olóyè bóyá ti ìlú wọn ti ní ààlà tí a fi àmì sí àti ìwé tí a kọ. Nítorí pé igbó tí kò ní ìwé, ẹni tí ń ta ilẹ̀ kì í pẹ́ dé ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka èyí, bí àyè bá ṣí sílẹ̀ fún yín láti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, a kò ní tàn yín jẹ. Oorun rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀fọn rẹ̀ sì pọ̀. Bí kò bá sí àyè, ẹ má jókòó dè é. Àgbà kan wà ní ilé yín tí ó mọ orúkọ ẹyẹ tí ń ké lówùúrọ̀. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé àti kálàmù dání, ẹ béèrè orúkọ mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.